Boîte automatique bọ́ọ̀sì àtijọ́: ẹ wo òróró kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n tú u



Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la mú wá lónìí. Bọ́ọ̀sì tí a mọ̀ ní abúlé wa látijọ́, boîte manuelle ni: awakọ̀ á tẹ embrayage, á sì fi ọwọ́ fa vitesse. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àlòkù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó dé Kútọnu àti Lomé, a ń rí èyí tó jẹ́ boîte automatique. Mẹkáníìkì tó mọ boîte manuelle bí ẹni mọ inú yàrá rẹ̀ lè wà tí kò tíì tú irú èyí rí. Nítorí náà, bí ó bá ti ṣe kíún, ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ ni pé: « Boîte ti kú, ẹ lọ ra òmíràn. »

Ó ti ṣe àwa náà rí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní bọ́ọ̀sì àlòkù kan tí ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ dánra wò. Lọ́jọ́ kan, láàárín Pobẹ̀ àti Kétu, a tẹ gaz, moteur ń ké, ọkọ̀ ò lọ. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí a pè kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ rárá. Ó ní boîte ti kú, ó sì dárúkọ iye owó tí ẹgbẹ́ wa fi odidi ọdún kan dá jọ. Àgbà awakọ̀ kan tó ń kọjá lọ ló dúró. Ó dọ̀bálẹ̀ sí abẹ́ ọkọ̀, ó na ìka, ó sì fi òróró pupa hàn wá lára rọ́bà kan tó ti sán. A pààrọ̀ rọ́bà, a da òróró sí i díẹ̀díẹ̀, bọ́ọ̀sì gbéra. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tán: lọ́dún tó tẹ̀ lé e, boîte yẹn kan náà jóná mọ́ wa lọ́wọ́, nítorí pé a rí àmì, a ò dúró. A ó padà sí ìyẹn nísàlẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ kò pọ̀. Nínú boîte automatique, òróró ni ẹ̀mí rẹ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ wò ó kí ẹ tó náwó. Bí boîte bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, kí ẹ dúró.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Boîte automatique kò ní embrayage tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Láàárín moteur àti boîte, ohun kan wà tí a ń pè ní convertisseur. Ó dà bí igbá méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn, tí abẹ̀bẹ̀ irin wà nínú wọn, tí òróró sì kún ibẹ̀. Moteur ń yí igbá kìn-ín-ní. Òróró tó ń fọ́n jáde lára rẹ̀ ń ti igbá kejì, igbá kejì ló ń yí boîte. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi lè dúró lórí D, tí a tẹ ìjánu mọ́lẹ̀, tí moteur kò sì kú.

Pompe kan wà níwájú boîte tí moteur fúnra rẹ̀ ń yí. Ó ń fa òróró láti inú carter, ìyẹn àwo irin tó wà nísàlẹ̀. Òróró náà á gba inú asẹ́ tí a ń pè ní crépine kọjá, pompe á sì fi agbára tì í lọ sí bloc hydraulique. Bloc yìí kún fún ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ àti ilẹ̀kùn kéékèèké. Ibẹ̀ ni a ti ń pín òróró fún vitesse kọ̀ọ̀kan, kí ó lè fún àwọn disque pọ̀ tí wọ́n á fi di ara wọn mú.

Nítorí náà, iṣẹ́ mẹ́rin ni òróró ń ṣe: ó ń gbé agbára moteur, ó ń fún disque, ó ń mú irin yọ̀ kó má jẹ ara rẹ̀, ó sì ń gbé ooru lọ sí radiateur. Bí òróró bá dín, pompe á bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ò lè fún disque dáadáa. Disque á máa yọ̀, á gbóná, á jó. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti ara rọ́bà kékeré kan ló ń parí sí boîte tuntun.

Bí a ṣe ń wo òróró

1. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fa frein à main, ẹ fi òkúta tàbí igi di ẹsẹ̀ ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn.

2. Òróró gbọ́dọ̀ gbóná. Ẹ wa ọkọ̀ fún bí 15 sí 20 ìṣẹ́jú kí ẹ tó wò ó. Bí ọkọ̀ kò bá lè rìn, ẹ lo àmì COLD tàbí COOL tó wà lára ọ̀pá jauge, kì í ṣe HOT.

3. Moteur ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ wà lórí ìjánu: ẹ gbé ọ̀pá vitesse kọjá gbogbo ipò rẹ̀, kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí òróró lè dé ibi gbogbo. Lẹ́yìn náà, ẹ dá a padà sí P bí ó bá jẹ́ Toyota. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì ńlá àtijọ́ tó lo boîte Allison, irú AT 545, N ni. Ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyẹn kò ní P rárá.

4. Ẹ má pa moteur. Ẹ fa jauge jáde, ẹ fi aṣọ tó mọ́ nù ún, ẹ tì í wọlé dé ìdí, kí ẹ tún fà á jáde. Òróró gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì HOT méjèèjì.

5. Bí ó bá dín, ẹ da òróró sí i gba ojú ihò jauge, ìdajì lítà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún wò ó. Ẹ má kún un ju àmì lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, àwọn irin tó ń yí á lù ú di ìfófòó, ìfófòó sì dà bí afẹ́fẹ́: kò lè fún disque.

Irú òróró wo? Èyí tí wọ́n kọ sára jauge tàbí sínú ìwé ọkọ̀ ni: Dexron, Type T-IV, WS, tàbí òmíràn. Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Òróró moteur kò sì gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ láéláé, ì báà ṣe pé alẹ́ ti lẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù ti tì. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí kò ní jauge. Abẹ́ ni a ti ń wò wọ́n, lára bouchon kan. Irú èyí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí àwọ̀ àti òórùn ń sọ

Ẹ kán òróró sórí aṣọ funfun tàbí ìwé funfun, kí ẹ wò ó lójú oòrùn.

Bí ó bá pupa tó sì mọ́ gaara, ara rẹ̀ le. Bí ó bá ti pọ́n bíi tíì, tí kò rùn, ó ti gbó, ó ń fẹ́ vidange.

Bí ó bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, disque ti ń jó. Bí ẹ bá rí ègé irin tó ń dán nínú rẹ̀, irin ti ń jẹ irin.

Bí ó bá dà bíi wàrà tí a po mọ́ nǹkan pupa, omi ti wọ inú rẹ̀. Láti inú radiateur ló sábà máa ń wá, níbi tí ọ̀nà òróró àti ọ̀nà omi ti wà nítòsí ara wọn. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́, torí omi ń tú gọ́ọ̀mù tó lẹ disque. Radiateur ni ẹ ó kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ tó fọ boîte mọ́.

Àmì tí ọkọ̀ ń fi hàn, àti ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀

Ọkọ̀ kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ẹ wo òróró. Lẹ́yìn náà, ẹ wo okùn irin tó so ọ̀pá vitesse mọ́ boîte: ó lè ti já tàbí kó ti yọ kúrò lórí, tí ọ̀pá ń lọ tí boîte kò gbọ́. Bí méjèèjì bá dára, crépine lè ti dí, tàbí kí pompe tàbí convertisseur ti bàjẹ́.

Ọkọ̀ ń lọ sẹ́yìn, kò lọ síwájú, tàbí ó ń lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Okùn yẹn náà ni ká kọ́kọ́ wò. Bí ó bá wà ní ipò rẹ̀, tí òróró sì pé, disque ibẹ̀ ló ti tán. Iṣẹ́ títú nìyẹn.

A fi sí D, ó pẹ́ kó tó dáhùn. Òróró lè dín, crépine lè ti ń dí, tàbí kí àwọn rọ́bà inú ti le nítorí ọjọ́ orí. Bí ó bá jẹ́ ní òwúrọ̀ nìkan ló ń ṣe é, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ máa ṣọ́ ọ.

Moteur ń ké, ọkọ̀ kò yára. Ìyẹn ni pé boîte ń yọ̀, tàbí pé ó ń « patine » bí àwọn mẹkáníìkì wa ṣe ń wí. Èyí ni ó burú jù. Ẹ wo òróró lójú ẹsẹ̀. Lára ọkọ̀ tó ní okùn láti gaz lọ sí boîte, ẹ wò ó bóyá okùn náà ti dẹ̀: bí ó bá dẹ̀, agbára òróró á kéré, disque á máa yọ̀.

Ó ń já gbì bí ó bá ń yí vitesse. Okùn gaz yẹn lè ti le jù. Lára àwọn boîte àtijọ́ mìíràn, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí moteur fi ń fa afẹ́fẹ́ láti inú capsule kan lára boîte. Bí rọ́bà yìí bá sán, vitesse á pẹ́ kó tó yí, á sì máa já gbì. Bí awọ inú capsule náà bá ya, moteur á máa fa òróró boîte mu: èéfín funfun á máa jáde, òróró á máa dín, ẹ ò sì ní rí ibi tó ń jò.

Kò wọ vitesse tó kẹ́yìn. Kí ẹ tó sunkún, ẹ wo dashboard. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota, bọ́tìnnì kan wà lára ọ̀pá vitesse. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, iná O/D OFF á tàn, ọkọ̀ kò sì ní wọ vitesse kẹrin. Ẹ tún un tẹ̀. Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú, tí kò dúró sójú kan, ọkọ̀ ń sọ pé nǹkan kan bàjẹ́ ní ìhà iná mànàmáná.

Ó dúró sórí vitesse kan ṣoṣo. Boîte tó ní calculateur máa ń ṣe báyìí láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ wo bátìrì, wáyà masse tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀, àti àwọn fiche tó wà lára boîte. Eruku pupa ọ̀nà wa àti omi òjò máa ń wọ inú fiche, ìpata á mú un. Ọ̀pọ̀ ìgbà, fífọ fiche náà mọ́ ti tó.

Ó kọ̀ láti tan lórí P, ṣùgbọ́n ó tan lórí N. Contacteur ara ọ̀pá vitesse tàbí okùn rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n tún tò. Boîte kò kú.

Ó ń hu bí ìjì ní gbogbo ipò, títí kan N. Pompe ni: òróró dín, tàbí crépine dí. Ẹ má wà á jìnnà.

Ibi tó ń jò. Ẹ fi páálí sí abẹ́ ọkọ̀ lálẹ́. Bí òróró pupa bá kán níwájú boîte, ó lè jẹ́ joint ẹ̀gbẹ́ convertisseur, iṣẹ́ ńlá. Bí ó bá kán láàárín, joint carter. Lẹ́yìn, joint ẹnu cardan. Nítòsí radiateur, rọ́bà tàbí tùbẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe wá.

Àwọn ẹ̀bi tí kì í ṣe ti boîte

Bí ìjánu bá há, ọkọ̀ á wúwo bíi pé boîte ń yọ̀. Lẹ́yìn ìrìn, ẹ fi ọwọ́ sún mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: èyí tó gbóná ju ìyókù lọ ló há. Moteur tí filtre gàsóìlì rẹ̀ dí náà kò ní fa ọkọ̀. Croisillon cardan tó jẹ sì máa ń dún « kọ̀ » nígbà tí a bá fi sí D tàbí R, wọ́n á ní boîte ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìwọ̀nyí kí wọ́n tó tú nǹkan kan.

Vidange

Bí a bá sọ carter kalẹ̀, kì í ṣe gbogbo òróró ló ń jáde: púpọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú convertisseur. Nítorí náà, ẹ wọn èyí tó jáde, kí ẹ dá iye kan náà padà, lẹ́yìn náà kí ẹ wò ó lórí jauge bí a ti sọ lókè. Ẹ pààrọ̀ crépine tàbí kí ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi joint tuntun sí i.

Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré máa ń wà nínú carter. Eruku eérú tó rọ̀ bí ẹ̀tù lórí rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ègé irin tó ṣeé fi èékánná mú ni kí ó bà yín lẹ́rù.

Àwọn kan ń sọ pé bí a bá pààrọ̀ òróró boîte àtijọ́, ńṣe la pa á. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Boîte tó ti ń yọ̀, tí òróró rẹ̀ ti jóná, vidange kò lè jí disque tó ti tán dìde. Ṣùgbọ́n boîte tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tí òróró rẹ̀ kàn gbó, vidange ló máa mú un pẹ́.

Ohun tí kò yẹ ká ṣe

Ẹ má tì í kó lè tan. Pompe kì í ṣiṣẹ́ bí moteur kò bá yí, nítorí náà títì kò wúlò.

Ẹ má fi okùn fà á lọ jìnnà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí nílẹ̀. Inú boîte á gbẹ, á jó. Ẹ yọ cardan kúrò kí ẹ tó fà á.

Bí ó bá há sínú ẹrẹ̀, ẹ má máa ju ọ̀pá láti D sí R tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lófo. Ẹ wa ilẹ̀, ẹ fi igi sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ má fi N sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè láti fi epo pamọ́. Lórí òkè bíi ti Dàsà, ẹ lo 2 tàbí L, kí moteur lè bá ìjánu mú ọkọ̀.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé P nìkan. Ìka irin kékeré kan ni P, tó há sínú eyín kan. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tó kún fún ẹrù, ó lè yọ̀ tàbí kó dá. Frein à main àti òkúta ni kí ẹ fi kún un, pàápàá bí àwọn ọmọdé bá wà nítòsí. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí cric nìkan gbé dúró.

Ìgbà tó yẹ ká dúró

Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. A padà sí ìtàn wa kejì. Òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà ni. Bọ́ọ̀sì wa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Àwọn ìyá tí a gbé ní ẹrù tòmátì tí oòrùn kò gbọ́dọ̀ pa, wọ́n bẹ̀ wá, a sì gbà. A tẹ gaz sí i, ó ń yọ̀ sí i, a rí òórùn iná, a tún lọ. Kò tó wákàtí kan tí ọkọ̀ fi dúró pátápátá. Bí a bá ti dúró ní àkọ́kọ́, bóyá òróró díẹ̀ ni ì bá gbà wá. Tòmátì náà kò sì dé ọjà.

Nítorí náà, bí boîte bá ń yọ̀, bí òórùn iná bá ń jáde, bí òróró bá dà bíi wàrà: ẹ sọ èrò kalẹ̀, ẹ wá ọkọ̀ míì fún wọn. Ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ dá owó wọn padà bí ó bá yẹ. Owó ọjọ́ kan kò tó owó boîte.

Bí mẹkáníìkì bá sì sọ pé ẹ ra boîte míì, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ìbéèrè mẹ́ta: « Ọ̀gá, báwo ni òróró rẹ̀ ti rí lórí jauge? Ẹ ti wo okùn vitesse àti àwọn fiche? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí nínú carter? » Ẹni tó mọ iṣẹ́ á dáhùn láìbínú, á tún fi hàn yín. Ẹni tí kò tíì wo ọ̀kankan nínú wọn, kò tíì tó àkókò tí ẹ ó fún un lówó.

Ẹ ra ìwé kékeré kan sínú bọ́ọ̀sì. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, kí awakọ̀ kọ ọjọ́, ipò òróró àti àwọ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀. Bí awakọ̀ bá yí padà, ìwé náà á bá èyí tó dé sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí a ti ra boîte kejì ni tiwa ti ní irú ìwé yìí, olórí ẹgbẹ́ sì ń fọwọ́ sí i lóṣooṣù.